Verlin Tackett, Ọkùnrin Tó Búra Pé Wọn Kò Bí Ẹ̀gbọ́n Òun

Inú lẹ́tà ni ojúkòkòrò gbà wọ ilé Verlin Tackett ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì kan ló kọ ọ́. Wọ́n fẹ́ ra epo tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Oklahoma. Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn tipẹ́, màlúù ló ń jẹko lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá wọn kò ta ohun tó wà nísàlẹ̀; lójú òfin ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀, ọ̀tọ̀ ni epo abẹ́ rẹ̀. Ogún ọmọ rẹ̀ méjèèjì ni: Verlin, àti Oleta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí Verlin ti fi Oklahoma sílẹ̀. Oleta kò lọ síbì kankan. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi fọ aṣọ ìgbẹ́ bàbá wọn, tó ń fi ṣíbí bu ẹ̀wà sí i lẹ́nu. Ọjọ́ ìsìnkú nìkan ni Verlin wá, ó sì ti lọ kí wọ́n tó palẹ̀ àwo mọ́.

Bàbá wọn kò kọ ìwé ìpíngún. Nítorí náà, òfin ibẹ̀ fẹ́ ìwé ìbúra: ẹni méjì tó mọ olóògbé yóò búra nípa iye ọmọ tó bí, a ó sì fi ìwé náà pamọ́ sí ilé ẹjọ́ àgbègbè. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ló ni epo. Verlin wa ọkọ̀ lọ sí Oklahoma, ó lọ bá Truett Mabry, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré, tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ tó ń fa epo.

“Truett, bá mi fọwọ́ sí i.”

Truett kà á. “‘Ọmọ kan ṣoṣo ló bí.’ Oleta ńkọ́?”

“Ta ló ń wo tiẹ̀? Obìnrin tó ń gbé inú ilé páànù, kí ló fẹ́ fowó ṣe?”

“Oleta ló fà ẹ́ yọ nígbà tí odò fẹ́ gbé ẹ lọ. O wá ní kí n búra pé wọn ò bí i. Ṣé orí ẹ pé báyìí?”

“O máa fọwọ́ sí i àbí o ò ní fọwọ́ sí i, Alàgbà ìjọ?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n fọwọ́ sí i.”

Verlin fi í rẹ́rìn-ín. Kí ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti rí ọ̀mùtí méjì tó búra nítorí ìgò ọtí kọ̀ọ̀kan. Ó ta epo náà tán pátá. Ó kọ́ ilé, ó ra ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Verlin kò tó ọdún mẹ́ta. Ọ̀sán kan ni fóònù dún, akọ̀wé ilé ẹjọ́ àgbègbè ló ń pè láti Oklahoma.

“Ọ̀gá Tackett, ẹ káàsán o. Obìnrin kan kú síbí, Oleta Tackett. Ọ̀gbẹ́ni Mabry fẹ́ gbà á sin, àmọ́ ìbátan nìkan ni òfin gbà láàyè. Ó ní ẹ̀yin ni àbúrò ẹ̀. Ìwé ìbúra tó wà níbí sì ní ẹ̀yin nìkan ni bàbá yín bí. Èwo ni ká gbà?”

Verlin wo ilé rẹ̀ yíká. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ilé lọ, ẹ̀wọ̀n dé.

“Mi ò mọ̀ ọ́n rí,” ló wí.

“Ẹ ṣé, ọ̀gá.”

Báyìí ni ìjọba ṣe sin ọmọ ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò lẹ́nì kan. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń korò lẹ́nu Verlin. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó wakọ̀ lọ bá Truett. Truett kò bá a jà. Ó mú un lọ sí itẹ́ òkú, níbi tí wọ́n ri igi kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí mọ́ orí sàréè Oleta.

“Ṣé ó mọ ohun tí mo ṣe?” ni Verlin bi í.

“Ó mọ̀. Ó fojú ara ẹ̀ rí ìwé yẹn nílé ẹjọ́. Lọ́yà kan ní òun á bá a gba ìpín ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní rárá o, wọ́n á ti àbúrò òun mọ́lé. Ebi pa á, Verlin. Òtútù pa á. Ó fara mọ́ ọn nítorí tìẹ, ó sì ń gbàdúrà fún ẹ títí tó fi kú.”

Verlin wó lulẹ̀, ó di igi náà mú, ó ń ké pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Kò gbọ́ ẹ mọ́,” ni Truett wí. “Ó ti pẹ́ jù láti bẹ Oleta. Àmọ́ Ẹnì kan wà tó jìyà nítorí ẹ jù báyìí lọ, tó sì wà láàyè. Òun ni kó o bẹ̀.”

Ibẹ̀ ni Verlin Tackett ti fi ọkàn rẹ̀ fún Jésù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹjọ́, ó ní, “Mo búra èké. Ẹ̀gbọ́n mi ni.” Wọ́n gba ilé, wọ́n gba ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Ọlọ́run dárí jì í. Ṣùgbọ́n Oleta kò jí.

Ìwọ tí o mú ìwé yìí dání, má ṣe bú Verlin. Ta ni ìwọ náà ń tà jẹ? Ìwé kan wà lọ́run tí ọ̀mùtí kankan kò lè bá ọ fọwọ́ sí. Ọjọ́ tí a bá ṣí i, a ó bi Olúwa bóyá o jẹ́ tirẹ̀. Bí o bá ti sẹ́ ẹ láyé, ọ̀rọ̀ tí Verlin sọ lórí fóònù ni wàá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Èmi kò mọ̀ ọ́ rí.”

Ó ń pè ọ́ báyìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sì dá a lóhùn, kí o tó pa ìwé yìí dé.