Àwọn Ẹyẹlé tó Kú Lẹ́nu Ọ̀nà Opó

Abà ni Jímọ̀ kú sí. Ó lọ gbin ẹ̀wà lóko wọn lẹ́yìn Òkàká, ó sùn síbẹ̀, kò sì jí mọ́. Itọ́ funfun ti gbẹ sí i lẹ́nu kí àbúrò rẹ̀, Ràsáàkì, tó bá a. Ọkùnrin tí orí kì í fọ́.

Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ wọlé opó. Ẹ̀sìn ní kò gbọdọ̀ rìn jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ títí opó rẹ̀ yóò fi pé. Ràsáàkì kò ní sùúrù ìyẹn.

"Èmi ni mo máa ṣú ọ lópó," ó wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹrù ilé kì í jáde nílé."

"Ọkọ mi, ẹ̀yin náà ń kírun. Ta ló ní kí wọ́n pín obìnrin mọ́ ogún? Bí opó mi bá pé, Ìpàpó ni mò ń lọ, kí n máa ta èlùbọ́ mi."

"Obìnrin tó ń kánjú lọ lẹ́yìn òkú ọkọ, ó mọ ohun tó pa á."

Bí ọ̀rọ̀ pé àjẹ́ ni Àdìjátù ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn apọnmi létí odò nìyẹn. Nígbà tó di ìdájí ọjọ́ kan, ẹyẹlé mẹ́ta kú sẹ́nu ọ̀nà Àdìjátù. Wọ́n ní àwọn ẹyẹ tí Àdìjátù ń rán níṣẹ́ àjẹ́ ló padà wálé wá kú. Ìyá Jímọ̀ kò fi omi ránṣẹ́ sí i mọ́. Ràsáàkì ránṣẹ́ pe alfa atẹyanrìn kan láti Ìjìó.

"Bí yanrìn bá mú ọ, wọ́n á lé ọ wọ igbó," ó wí fún Àdìjátù. "Bí o bá gbà fún mi, màá dá alfa padà lọ́nà."

Àdìjátù kò sùn. Opó kì í rìn, ojú nìkan ló kù fún un. Ojú yẹn ló ti fi rí àwọn ẹyẹlé náà kí wọ́n tó kú, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ohun tó jò sílẹ̀ lára àpò irúgbìn tí Ràsáàkì gbé dé láti abà. Ó fi abẹ la ọ̀kan nínú àwọn tó kú náà. Ẹ̀wà ló kún inú rẹ̀, òórùn oògùn kòkòrò sì ń ti ibẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ tí alfa tẹ́ yanrìn sí àgbàlá, Ìyá Jímọ̀ àti Ràsáàkì ọmọ rẹ̀ nìkan ló jókòó tì í. Àdìjátù kúnlẹ̀, ó gbé àwo ẹ̀wà ka iwájú Ràsáàkì.

"Ọkọ mi, ẹ jẹun kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà inú àpò yín ni. Bó bá jẹ́ èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀wà ò mọ̀dí ẹ̀."

Ràsáàkì wo àwo náà.

"Jẹ ẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣebí o ò tíì jẹun láti àárọ̀."

Ó gbọ́wọ́ sẹ́yìn. "Mo ti fi oògùn pò ó nítorí kòkòrò. N ò rántí sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà tí mo dé abà, ìkòkò ẹ̀wà tó sè jẹ nínú irúgbìn náà ṣì wà lórí ààrò."

Alfa kó yanrìn rẹ̀. Ìyá Jímọ̀ fa àwo náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó dì í mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á.

"Ìyàwó, má sọ ọ́ síta. Òun nìkan ló kù fún mi."

"N ò ní sọ, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ ó lọ sọ létí odò pé n kì í ṣe àjẹ́."

"Kí ni kí n wá ní ó pa á?"

"Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín."

Ìyá lọ. Ohun tó sọ fún wọn, Àdìjátù kò béèrè. Nígbà tí opó pé, ìyá náà ló gbé igbá èlùbọ́ rù ú lójú ọ̀nà Ìpàpó. Kò wo ojú rẹ̀.