Ọjọ́ Mọ́kànlélógún Nínú Àgò

Ọjọ́ tí Mojọlá Fámúrewá kọ́kọ́ fojú kan Níyì Abíọ́nà, àkùkọ ló ṣe alárinà wọn. Alága ni orúkọ àkùkọ náà. Ó já okùn inú apẹ̀rẹ̀ tí Mojọlá fi gbé e wá láti Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́, ó sì sọ ilé ìtajà oògùn adìẹ kan di ojú ogun. Ọkùnrin kan ti fò sórí àpò oúnjẹ adìẹ. Obìnrin kan ń fi agboòrùn dáàbò bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pariwo tí wọ́n ń ju fìlà sí i ni inú Alága túbọ̀ ń ru, gbogbo ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde láti ẹ̀yìn káńtà. Kò sáré, kò pariwo. Ó yí ẹ̀gbẹ́ kan sí àkùkọ náà, ó dúró gbọnin. Alága fò ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan, kò mira. Ó ta á lẹ́ẹ̀kejì, kò mira. Ìgbà tí àkùkọ náà ń ro ohun tí yóò tún ṣe ni ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó fi í sábẹ́ apá, ó sì rọra tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. Alága dákẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú tán.

"Ta ló ni ọ̀gá yìí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún."

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún náà ló fi ń ta mí nípàá yìí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó sàn o."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, Mojọlá sì rí èjí tó wà láàárín eyín rẹ̀. Kí a má purọ́ fún ara wa, ọkàn ọmọbìnrin náà ṣí kúrò nípò lójú ẹsẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, tíṣà ọmọ kéékèèké, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fọ́nnu pé ọkùnrin kan kò lè ṣe òun bẹ́ẹ̀.

Níyì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ wẹ ẹsẹ̀ Alága, ó yọ èépá tó gbó síbẹ̀, ó fi báńdéèjì wé e. Lẹ́yìn náà, ó mú ìgò kékeré kan láti inú fíríìjì, ó kán ẹ̀kán kan sí ojú rẹ̀.

"Ti àrùn lúkúlúkú nìyí. Bí lúkúlúkú bá ti wọ inú agbo adìẹ, kò sí oògùn tó lè wò ó. Kó tó wọlé ni èèyàn ń dènà rẹ̀. Mélòó ló kù nílé?"

"Méjìdínlógún. Gbogbo wọn jẹ́ ti màmá mi. Ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti lọ."

Níyì gbé ojú sókè. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó wí, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. "Ẹ padà wá ní Sátidé, kí ẹ gbé kúlà dání, kí oògùn má baà gbóná lọ́nà. Màá fún yín ní ti àwọn tó kù."

Ó dé ní Sátidé, kúlà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń fa ọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ ẹ̀pà tán, wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n rìn yíká Ìkàrẹ́ títí oòrùn fi yí. Kúlà òfìfo ló bá Mojọlá padà sí Ọ̀kà. Nígbà tí wọ́n rántí, orí fóònù ni wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," Níyì wí.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, dókítà adìẹ," Mojọlá dáhùn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kò dé títí oṣù méjì fi kọjá, nítorí ìfẹ́ ti kún ọwọ́ àwọn méjèèjì.

Nírọ̀lẹ́, Mojọlá a máa jókòó sẹ́yìnkùlé, a gbé fóònù sílẹ̀ kí Níyì lè máa gbọ́ ohùn Alága. "Gbọ́ ọ, ó tún ń ṣe kúkúkú. Kí ló ń wí?"

"Ó rí ikán ni. Àwọn àgbébọ̀ rẹ̀ ló ń pè. Àkùkọ gidi kì í kọ́kọ́ jẹ ẹ́, á dúró kí wọ́n jẹ ná. Bí àṣá bá kọjá lókè, òun ló máa kígbe. Bí wọ́n bá ń wọlé, òun ló ń kẹ́yìn."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá máa pè mí kí o tó jẹun?"

"Olólùfẹ́ mi, bó bá jẹ́ iyán ni, mi ò lè ṣèlérí."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn nìyẹn tí Níyì fi sọ pé òun fẹ́ wá rí bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Fámúrewá, ẹ̀rín kì í sì í yá a lẹ́nu. Àbúrò bàbá Níyì, Rufus Abíọ́nà, ló mú ọmọ náà wá sí Ọ̀kà. Àkùkọ pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó rà lọ́jà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nínú agbo ilé Fámúrewá, wọn kì í so adìẹ tí àlejò bá fi ta wọ́n lọ́rẹ mọ́lẹ̀. Baálé ilé ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u sáàárín adìẹ tirẹ̀ lójú ẹni tó gbé e wá. Bí ó bá so ó, tàbí tó fi í sínú àgò, àlejò yóò mọ̀ pé wọn kò fọkàn tán òun.

Bí Bàbá ṣe ń tú okùn ẹsẹ̀ àkùkọ pupa náà, ojú Níyì ni Mojọlá ń wò. Ó rí i tó la ẹnu. Ó rí i tí Rufus tẹ orúnkún rẹ̀ pé kó dákẹ́. Kí ni ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fẹ́ wí fún bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́? Pé kí wọ́n ya ẹ̀bùn àwọn sọ́tọ̀ nítorí ó lè ní àrùn lára? Níyì pa ẹnu dé. Àkùkọ pupa bọ́ sáàárín agbo, Alága lé e yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn àgbà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní ọjọ́ kẹfà, àkùkọ pupa kò jáde. Ọrùn rẹ̀ ti lọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Ní ọjọ́ kẹjọ, àgbébọ̀ mẹ́ta kú. Lẹ́yìn ìyẹn, Mojọlá kò fẹ́ jí mọ́, nítorí ohun tó máa ń bá lẹ́yìnkùlé láràárọ̀. Bàbá rẹ̀ ni yóò gbé wọn ní ẹsẹ̀, ní méjì méjì, lọ sí kòtò tó gbẹ́ sí ìdí máńgòrò. Nígbà tó gbé Fúnfun, àgbébọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jẹ́ kó sùn sórí ẹsẹ̀ òun, Mojọlá rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nínú méjìdínlógún, mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú Alága.

Lọ́jọ́ kẹjọ yẹn gan-an, tí àgbébọ̀ mẹ́ta kọ́kọ́ kú, Mojọlá pe Níyì, ó sì dé. Kò wọlé. Ẹnu géètì ló dúró sí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku títì.

"Bó bá ní ọ̀rọ̀, kó wọlé wá sọ ọ́!" Bàbá pariwo.

"Bàtà mi ti ilé ìtajà wá, sà. Mo lè tún fi gbé àrùn mìíràn wọlé fún yín. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé ó yẹ ká ya àkùkọ yẹn sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ojú yín ni mo ń wò tí mi ò fi lè sọ ọ́."

Bàbá Fámúrewá rìn dé géètì. "O mọ̀," ó wí wẹ́rẹ́, "o sì dákẹ́." Ó ti ilẹ̀kùn géètì pa. Ó yíjú sí Mojọlá. "Bí o bá fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n má pè mí síbẹ̀."

Kúlà òfìfo yẹn ni Mojọlá ń rí lójú ara rẹ̀. Bí òun bá gbé oògùn náà wálé lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bóyá àkùkọ pupa nìkan ni ì bá kú. Òun náà mọ̀, òun náà sì dákẹ́, ó ń jẹ́ kí Níyì nìkan ru ẹ̀bi náà. Ìtìjú yìí kò jẹ́ kó lè gbé ìpè Níyì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Àárín ọ̀sẹ̀ méjì náà ni ìwà Alága yí padà. Bí Bàbá bá ti yọ sẹ́yìnkùlé báyìí, yóò sọ ìyẹ́ apá kan wálẹ̀, yóò gbá a tẹ̀lé e. Bàbá gbé igi. Igi yẹn ló tún wá ba nǹkan jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, Alága fi ọ̀gàn ẹsẹ̀ rẹ̀ gún Bàbá ní ojúgun títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn, bẹ́ẹ̀ Bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà, egbò kékeré kì í sì í tètè jinná lára rẹ̀.

"Ó tán," Bàbá wí, nígbà tí Mojọlá ń wẹ egbò náà. "Láàárọ̀ ọ̀la, màá pa á."

"Dáádì, òun nìkan ni akọ tí Màmá fi sílẹ̀."

"Èmi náà ni màmá rẹ fi sílẹ̀. Ṣé kó pa mí ni?"

Mojọlá wọ yàrá, ó pe Níyì. Ohùn rẹ̀ nìkan tó gbọ́, omijé ti dé. Ó ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìnkùlé fún un. "Dákun, wá. Mo mọ̀ pé mi ò ṣe dáadáa sí ọ. Wá."

Nígbà tí oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun orí àpáta, Níyì ti dé ẹnu géètì. Ó gbé sílípáàsì tuntun dání nínú ọ̀rá. Lẹ́yìnkùlé, Bàbá ti mú ọ̀bẹ, Alága sì dúró níwájú àgbébọ̀ mẹ́rin tó kù, kò yẹ̀.

"Ẹ dákun, sà, ẹ má tíì pa á," Níyì ké láti ìta. "Ẹ jẹ́ kí n sọ gbólóhùn kan. Lọ́jọ́sí, mo dákẹ́. Lónìí, mi ò ní dákẹ́."

Bàbá kò gbé ẹsẹ̀.

"Kò ya wèrè, sà. Ojoojúmọ́ ló ń rí yín tí ẹ ń gbé àwọn ìyàwó rẹ̀ ní ẹsẹ̀ lọ, wọn ò sì padà. Kò mọ̀ pé àrùn ni. Ẹ̀yin ló rò pé ẹ ń kó wọn lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù fún un ló ń dì mú."

Bàbá Fámúrewá wo àkùkọ náà, ó wo àwọn àgbébọ̀ mẹ́rin. Ọwọ́ tó fi mú ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n gbé ìyàwó tirẹ̀ náà jáde nínú ilé yìí, òun náà sì bínú sí gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan pósí.

Mojọlá kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. "Dáádì, kì í ṣe Níyì nìkan ló jẹ̀bi. Ó ní kí n wá gba oògùn gbogbo wọn. Mo gbé kúlà lọ, eré ìfẹ́ ni mo ṣe, mo gbàgbé. Èmi ni mo pa adìẹ Màmá."

Bàbá ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e?"

"Ẹ sọ igi nù, sà. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí i. Ẹ má wò ó lójú, ẹ má sì sá. Bó bá ta yín, ẹ dúró."

Alága ta á lẹ́ẹ̀kan, ní ara bàtà òjò tí Mojọlá sáré gbé wá fún un. Bàbá dúró. Nígbà tó yá, bàbá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó fi í sábẹ́ apá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n jọ rìn yíká ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mejì. Omijé ń ṣàn lójú Bàbá, kò sì nù ún.

Ó dé ẹnu géètì, ó ṣí i. "Ìwọ náà wá gbé ẹni tó ṣẹ́ kù fún mi lọ, àbí?"

"Yóò máa padà wá, sà," Níyì dáhùn. "Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa padà wá."

"Wọ sílípáàsì rẹ, kí o wọlé."

Oṣù mẹ́ta ni Níyì ní kí adìẹ àjèjì kankan má fi wọ ẹ̀yìnkùlé náà, oṣù mẹ́ta náà ni ìdílé Abíọ́nà fi dúró. Nígbà tí wọ́n tún dé, abo adìẹ méjì tí kò tíì yé ẹyin ni Rufus gbé dání, nítorí Níyì ti kìlọ̀ fún un pé àkùkọ kan ti tó agbo kékeré.

Bàbá Fámúrewá dìde. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí okùn bó ṣe máa ń ṣe. Mojọlá rí i tí Rufus na ọwọ́ sí orúnkún Níyì, ṣùgbọ́n Níyì ti dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dákun, sà. Ẹ má tú wọn sílẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún nínú àgò, níbi tó jìnnà sí tiyín."

Bàbá wò ó títí ara gbogbo ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Lẹ́yìn náà ló yíjú. "Mojọlá, gbé àgò tuntun yẹn wá. Ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná láti àná." Ó jókòó, ó fa agbádá rẹ̀ sókè. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún náà ni ẹ̀yin yóò dúró kí ẹ tó wá mú ìyàwó yín. Àdéhùn ni."

Ní ọjọ́ kejìlélógún, Mojọlá ti wọ aṣọ ìgbéyàwó tán, mọ́tò ti ń dúró níta, nígbà tí Bàbá pe òun àti Níyì sẹ́yìnkùlé. Ó ní kí àwọn méjèèjì jọ ṣí àgò náà. Àwọn abo adìẹ méjì jáde tìjútìjú. Alága yí wọn ká, ó sọ ìyẹ́ apá kan wálẹ̀, ti ìfẹ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó rí àgbàdo kan nílẹ̀, ó ṣe kúkúkú, ó sì dúró títí wọ́n fi wá ṣa á jẹ.

Níyì di ọwọ́ Mojọlá mú. "Wọ́n gbé iyán fún mi láàárọ̀ yìí," ó sọ sí i létí. "Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni mo ń dúró dè."

"Ebi á ti pa ọ́," Mojọlá wí, ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Ó yá, jẹ́ ká lọ."