Ọkùnrin Tó Kẹ̀yìn sí Kámẹ́rà

Eṣinṣin bà lé imú ọkùnrin náà, kò mira. Ó dúró lórí àgbélébùú kékeré tí wọ́n fi téèpù pupa lẹ̀ mọ́lẹ̀, iná ńlá mẹ́ta dojú kọ ọ́, òógùn ń ṣàn wọ kọ́là rẹ̀. Eṣinṣin rìn láti imú dé ètè, ó tún padà sókè, bí onílẹ̀ tó ń yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò. Aránṣọ tó ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú pínnì lẹ́nu dúró, ó ń wò ó. Kò tíì rí ọkùnrin tó ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rí.

Ó yọ pínnì lẹ́nu. "Ẹ lé e, ẹ jọ̀ọ́. Àánú yín ń ṣe mí."

"Wọ́n ní n má mira. Wọ́n ń to iná."

"Ṣé eṣinṣin gbọ́ pé wọ́n ń to iná?"

Ètè ọkùnrin náà gbọ̀n, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ẹni tó wà nídìí kámẹ́rà pariwo pé kí ló dé. Aránṣọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé eṣinṣin náà lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Òjìji ni gbogbo wọn ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró síbi tí olórí òṣèré máa dúró sí, kí wọ́n lè to iná àti kámẹ́rà nígbà tí olórí òṣèré ń sinmi. Olórí òṣèré yìí ni wọ́n ń pè ní Gbajúmọ̀. Gíga àwọn méjèèjì bára mu, awọ wọn bára mu, aṣọ kan náà ló gbà wọ́n. Bí iná bá ti tò tán, wọn á ké pé, "Òjìji, yà!" Òjìji á yà. Gbajúmọ̀ á bọ́ sórí téèpù.

Ká má purọ́, Gbajúmọ̀ mọ iṣẹ́. Bó bá wọlé, ẹni tó ń jẹun á gbàgbé òkèlè sẹ́nu. Wọ́n ní ojú rẹ̀ dà bí òṣùpá. Òṣùpá ò nímú. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọkùnrin tó rẹwà gan-an, ìyẹn náà sì tó. Fíìmù òṣèlú ni wọ́n ń ṣe, ìtàn òṣìṣẹ́ kan tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé irọ́ tí mínísítà gbé wá, tí wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́. Olùdarí fíìmù mọ̀ dáadáa pé bí kò bá sí Gbajúmọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jáde nílé wá wo ọ̀rọ̀ mínísítà.

Ara Òjìji ni aránṣọ ti ń wọn kóòtù Gbajúmọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú kò tètè rí: èjìká òsì Òjìji fi ìka méjì wálẹ̀ ju ọ̀tún lọ.

"Kí ló ṣe èyí?"

"Àpò ìyẹ̀fun ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e. Nígbà tí èjìká ní òun ò ṣe mọ́, mo wá iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìdúró ṣe."

Aránṣọ gé fóòmù kékeré kan. Nígbàkúùgbà tí Òjìji bá wọ kóòtù náà, aránṣọ á ki fóòmù sábẹ́ èjìká òsì, kí iná lè bọ́ síbi tó yẹ. Òun ló ń kì í, òun ló ń yọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bí fóòmù ṣe nílò lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jọ jókòó lórí àpótí aṣọ, wọ́n ń mu tíì.

"Ìyá Abẹ́rẹ́," Òjìji ní, "ìràwọ̀ ojú mi ni ọ́."

"Ìràwọ̀ wo? Bó o bá fẹ́ràn mi, sọ bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnì méjìlá ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán."

"Mo fẹ́ràn rẹ."

"Ó dáa." Ó rán bọ́tìnì mẹ́rin kó tó tún lanu. "Èmi náà."

Nígbà tó wo aṣọ náà dáadáa, ẹ̀yìn aṣọ ló rán bọ́tìnì kẹta sí.

Bàbá aránṣọ ló ṣòro. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nígbà ìyanṣẹ́lódì, òun sì ni wọ́n kọ́kọ́ lé jáde. Ìyá ọmọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun nìkan ló tọ́ ọmọ. Ó gba Òjìji tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún un lága, ó wá béèrè.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Mo máa ń dúró síbi tí ẹlòmíràn máa dúró sí, bàbá."

"Tí ẹni náà bá wá dé ńkọ́?"

"Màá yà fún un."

"Èmi ò yà nígbà tí wọ́n ní kí n yà, mo sì mọ ohun tó ná mi. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mi ò lè fi í fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyà."

Òjìji ní òun máa padà sídìí àpò ìyẹ̀fun.

"Èjìká kan ló kù fún ọ," aránṣọ ní. "Mi ò ní jẹ́ kó o tà á nítorí mi. Mi ò sì ní fẹ́ ọkọ tí bàbá mi ò súre fún. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ní sùúrù."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n fẹ́ ya ibi tí òṣìṣẹ́ inú fíìmù náà ti ń jáde ní géètì ilé-iṣẹ́. Òjò ṣú, ọkọ̀ òfuurufú Gbajúmọ̀ ò tíì balẹ̀. Olùdarí ní, "Ẹ̀yìn nìkan la fẹ́. Òjìji, wọ kóòtù. Máa lọ, má wẹ̀yìn."

Òjìji bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìgbà náà ni aránṣọ fọwọ́ kan àpò ara rẹ̀, ó bá fóòmù níbẹ̀. Èjìká òsì kóòtù náà ti rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tó wà lórí okùn.

"Ẹ dúró! Èjìká—"

"Òjò ń bọ̀!" Olùdarí kò tilẹ̀ wò ó.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n yà á, òjò dé. Aránṣọ lọ jókòó láàárín àwọn aṣọ, ó sunkún. Iṣẹ́ rẹ̀ ló bàjẹ́ yẹn, gbogbo ayé ló sì máa rí i.

Nígbà tí fíìmù jáde, ó bẹ bàbá rẹ̀ títí.

"Àwọn olóṣèlú ń ṣeré fún wa lójoojúmọ́, wọn ò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì," bàbá ní. "Kí ni mo tún fẹ́ lọ wò?"

"Ẹ wá wo kóòtù tí mo rán."

"Kóòtù nìkan ni màá wò. Oorun ni màá fi ìyókù sùn."

Ọ̀sán Sátidé ni. Ilé sinimá kún fọ́fọ́. Òjìji dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún lẹ́nu ọ̀nà, kó má bàa bí bàbá nínú. Nígbà tí Gbajúmọ̀ yọjú, àwọn obìnrin figbe ta. Bàbá tó lóun fẹ́ sùn jókòó nàró. Fíìmù bọ́ síbi tí Gbajúmọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ níwájú mínísítà, ọ̀rọ̀ tó le, tó sì jẹ́ òtítọ́.

"Ẹ wo eyín!" obìnrin kan ní lẹ́yìn wọn.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀!" bàbá ní. Ṣùgbọ́n eyín náà lòun náà ń wò.

Géètì wá dé. Ọkùnrin kan kẹ̀yìn sí wọn, ó ń lọ lábẹ́ òjò tó ṣú, èjìká kan wálẹ̀. Aránṣọ di ojú. Nígbà tó là á, gbogbo ilé dákẹ́, obìnrin eyín náà dákẹ́, bàbá rẹ̀ sì ti ṣí fìlà.

Wọ́n jáde síta, bàbá sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Tí kì í bá ṣe ti ọmọkùnrin tó rẹwà yẹn, oorun ni ǹ bá sùn," ó ní. "Ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn. Kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ. Ibi tí n kò ti rí ojú kankan ni mo ti rí ara mi. Bí mo ṣe jáde lọ́jọ́ náà nìyẹn, èjìká kan wálẹ̀. Ta ló kọ́ ọmọkùnrin náà ní ìrìn yẹn?"

"Kì í ṣe òun ló wà níbẹ̀, bàbá. Òjìji ni. Èjìká tirẹ̀ ni yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbé àpò ìyẹ̀fun."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò béèrè. Iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí nìkan lẹ béèrè."

Bàbá rí Òjìji lẹ́nu ọ̀nà, ó juwọ́ sí i. Òjìji dé, ó dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Kẹ̀yìn sí mi."

"Bàbá?"

"Àwọn ọkọ ìyàwó yòókù ń fi ojú wá. Jẹ́ kí n rí ẹ̀yìn tìẹ."

Òjìji kẹ̀yìn sí i. Bàbá gbé ọwọ́ lé èjìká òsì náà, ọwọ́ sì pẹ́ níbẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ wá mú ọjọ́."

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, aránṣọ lẹ téèpù pupa sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì gbé kóòtù tuntun kan wá. Kò sí fóòmù nínú rẹ̀. Ó ti gé èjìká òsì wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, kóòtù náà sì jókòó sára Òjìji bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn.

Òjìji dúró lórí téèpù, kò mira. Àṣà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló ń bọ̀ wá gba ibí?"

"Kò sẹ́ni tó ń bọ̀," aránṣọ ní pẹ̀lú pínnì lẹ́nu. "Dúró dáadáa."