Nọ́ńbà Kẹjọ Tó Sọnù Nínú Ìwé Ìpolówó

Ìlà kan péré ló sọnù nínú ìwé, ojú ọmọ oṣù mẹ́fà sì wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi.

Ìyá ọmọ náà ló wo fídíò lórí fóònù. Ó rí gbajúmọ̀ orí ayélujára kan tó ń fi ìpara tuntun pa ọmọ tirẹ̀ lójú, lòun náà bá ra ìpara, ó fi pa ọmọ. Kò pé wákàtí méjì tí awọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Dókítà ní ojú ọmọ á jinná, ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ìkìlọ̀ wà lára páálí o. Ta ló ń ka páálí nígbà tí ẹni tó rẹwà bá ti sọ̀rọ̀?

Iléeṣẹ́ ìpolówó tó gbé iṣẹ́ fídíò náà fún gbajúmọ̀ ránṣẹ́ pe obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Kòtánsíbẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí béèyàn bá rojọ́ tán níwájú rẹ̀, ohun tó máa ń sọ nìyẹn.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le, Màmá," Ọ̀gá iléeṣẹ́ wí. "Akọ̀wé wa ló ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà fáwọn gbajúmọ̀: ohun tí wọ́n á sọ, ohun tí wọ́n á fi hàn, ohun tí wọn ò gbọdọ̀ dán wò. Ó gbàgbé láti kọ ọ́ pé ìpara yìí kì í ṣe tọmọdé. Bó bá di aago mẹ́rin, màá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́."

"Kò tán síbẹ̀. Aago mélòó ló lù?"

"Méjì."

Akọ̀wé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. "Mo kọ ọ́, Màmá! Ẹ wá wò ó."

Ìlà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ìkẹjọ kà pé: "Ìpara yìí ń bó awọ òkè kí àpá lè lọ. O ò gbọdọ̀ fi kan ọmọdé, ì báà jẹ́ nínú eré."

"Ẹ̀yìn tọ́rọ̀ bẹ́ ló lọ kọ ọ́ kún un," Ọ̀gá wí. "Ìlà tó wà nínú ẹ̀dà ọwọ́ gbajúmọ̀ ò ju méje lọ. Mo fojú ara mi rí i."

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí i?"

Alárinà iléeṣẹ́ àtàwọn gbajúmọ̀ ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ.

"Èmi kàn ń fi ránṣẹ́ ni o, Màmá. Mi ò kà á."

"O ò kà á? Iṣẹ́ wo lo wá ń ṣe?"

"Mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á."

"Ẹ̀dà tìẹ dà?"

"Mo ti pa á rẹ́. Fóònù mi kún." Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, òógùn sì ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀. "Gbajúmọ̀ yẹn ti ní ìwé gígùn ń fọ́ òun lórí. Ṣùgbọ́n mi ò gé nǹkan kan kúrò o!"

"Ta ló bi ọ́ ní ti gígé?"

Alárinà fi ọwọ́ nu òógùn.

Kòtánsíbẹ̀ gba ilé gbajúmọ̀ lọ. Eyínmẹ́nugún ni inagijẹ rẹ̀. Igun kan nínú pálọ̀ mọ́ rekete, òdòdó àti iná wà níbẹ̀. Ìyókù, aṣọ ìdọ̀tí àti abọ́ tí wọn ò tíì fọ̀. Bí kámẹ́rà bá yà sọ́tùn-ún díẹ̀, àṣírí tú. Ọmọ rẹ̀ ń rákòrò nílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ̀lọ̀.

"Mọ́mì, ẹ kà á," gbajúmọ̀ na fóònù sí i. "Méje péré. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe ṣe é. Ọmọ bíbí inú mi ni mo fi pa lójú! Ká ní mo mọ̀ ni, ṣé màá ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọni lára. Kòtánsíbẹ̀ ka ìlà kejì: "Fi pa ara níwájú kámẹ́rà kí wọ́n rí i. Ka nọ́ńbà kẹjọ kó o tó ṣe é." Ó tún un kà.

Ó ní kó gbé ìpara wá. Ó tẹ díẹ̀ sọ́wọ́. Ó funfun, ó ki, kò tètè rá. Lẹ́yìn náà ló wo fídíò lẹ́ẹ̀mẹta. Lápá gbajúmọ̀, ìpara funfun. Lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ń dán, ó sì ń ṣàn dé àgbọ̀n.

"Dìde," ni màmá wí. "A jọ ń lọ sí iléeṣẹ́."

Aago mẹ́ta ààbọ̀, gbogbo wọn pé.

"Ìlà kejì ní kí wọ́n ka ìkẹjọ," Kòtánsíbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ẹni tó gé ìkẹjọ gbàgbé ìyẹn. Akọ̀wé kọ ọ́ látilẹ̀. Ta ló wá gé e?"

Gbogbo ojú yí sí Alárinà.

"Màmá, mo bẹ̀ yín—"

"Fara balẹ̀. Ọ̀lẹ ni ẹ́, ìwọ kọ́ ni ọ̀daràn." Ó kọjú sí gbajúmọ̀. "Ìwọ, ọmọ mi, kí lo fi pa ọmọ rẹ lójú?"

"Ìpara yẹn ni."

"Ìpara yẹn kì í ṣàn. Òróró ìdáná ló ń ṣàn bẹ́ẹ̀. O fi ìpara pa apá ara rẹ, o fi òróró pa ọmọ rẹ. Ẹni tí kò mọ̀ pé ó léwu, kí ló ń sá fún? Ọjọ́ tó o ṣe fídíò, ìkẹjọ ṣì wà níwájú rẹ, o sì ti kà á."

Gbajúmọ̀ wo ilẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò jọ ti orí fóònù mọ́.

"Bí ọmọ ò bá sí níbẹ̀, wọn kì í wò mí. Mo gbé fídíò mẹ́ta jáde tó jẹ́ èmi nìkan, àfi bíi pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní wọ́n á ka páálí. Nígbà tí ìyá yẹn ké gbàjarè lábẹ́ fídíò mi, ẹ̀rù bà mí, mo pa ìlà yẹn rẹ́ lórí fóònù mi."

"O bo ojú ọmọ tìẹ," Akọ̀wé wí, "o fi ojú ọmọ ọlọ́mọ tọrẹ."

Ọ̀gá wú ikọ́. "Akọ̀wé, má bínú."

"Inú ń bí mi, sà, ẹ jẹ́ kó bí mi. Ìpara yẹn ṣì wà nílé àwọn ìyá míì."

Akọ̀wé yí sí kọ̀ǹpútà, ó kọ ìwé ìtọ́sọ́nà tuntun, ìlà kan péré: "Jókòó, sọ ohun tó o ṣe, má rẹ́rìn-ín."

Gbajúmọ̀ kà á dópin. Aago mẹ́rin ti lù, ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Alárinà tan kámẹ́rà.

"Ẹ̀yin ìyá," gbajúmọ̀ ní, "mo mọ̀."