Àpò-Iṣẹ́ Tí Gbogbo Ìlú Kó Sórí Bàbá Látúndé

Ọwọ́ Tíṣà Ìbídùnní dúró sára okùn ọrùn ẹ̀wù-èémí, kò sì mọ ohun tó kàn. Ẹ̀wù-èémí ni aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ jáde ní Ìsàlẹ̀-Àpáta, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sínú ilẹ̀ òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ kankan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń di ọrùn rẹ̀ pa kò ní rí àyè kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin yìí sì ti fi ẹ̀kọ́ ọ̀hún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun orí rẹ̀ fi ń funfun. Àwọn ọmọ ń wò ó. Òun náà ń wo okùn bí ẹni ń wo ẹrù àlejò.

"Tíṣà, ṣé ká máa dì í lọ?" ọmọbìnrin kan bi í.

"Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án lónìí."

Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ṣe àpò-iṣẹ́ tirẹ̀. Àpò-iṣẹ́ kì í ṣe àpò tí èèyàn ń gbé kọ́ èjìká o. Inú ẹ̀rọ ńlá tó ń bójú tó ìlú ló wà. Olùkọ́ á dé adé-ìrántí, á máa sọ bí òun ṣe ń ṣe iṣẹ́, ẹ̀rọ á máa ka ìmọ̀ náà láti inú ọpọlọ rẹ̀, á sì tò ó pamọ́, kí àwọn aláṣẹ lè mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń jẹ orúkọ tíṣà. Okùn adé náà tín-ín-rín, inú awọ orí ló ń wọ̀ lọ, ẹni tó bá sì ti dé e ti dé e títí ayé nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé Akínrìnádé ló ṣe é, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tó gbé e wá sí ìpàdé àwọn olùkọ́, Bàbá Látúndé ló kọ́kọ́ dìde. Bàbá yìí ni olùkọ́ àgbà ìlú, kò sí tíṣà tí kò gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ti Ìbídùnní tún wá yàtọ̀. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ jò tó sì pa ìyá àti bàbá rẹ̀, Bàbá Látúndé ló gbé e lọ sílé. Ó kọ́ ọ ní ìwé, ó kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè, ó kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń sunkún tán tó ń nu ojú.

"Akínrìnádé," bàbá ní, "o fẹ́ kí àgbàlagbà jókòó kó máa yin ara rẹ̀ fún irin?"

"Bàbá, ẹ̀rí ni, kì í ṣe ìyìn. Àwọn kan ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí ò ní gbà fún wọn. Ohun tó bá jẹ́ ti ẹlòmíì, á gbà á lọ́wọ́ wọn, á dá a padà fún ẹni tó ni ín."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àpò yìí, kó kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, kó tó la ẹnu sọ tara rẹ̀."

Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìmoore? Bàbá fúnra rẹ̀ dé adé. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni wọ́n sì ń wí: "Kì í ṣe tèmi. Ti Bàbá Látúndé ni, òun ló kọ́ mi." Lọ́dọ̀ tiwa, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n irin ò mọ ìwà ọmọlúàbí. Olè tó ń jẹ́wọ́ ni ẹ̀rọ rò pé òun ń gbọ́. Adé tó lè ka ọpọlọ sì lè kọ sínú rẹ̀, ó lè nù ún pẹ̀lú, bí ọmọ iléèwé ṣe ń nu síléètì. Ohun tó nù kúrò lórí wọn, orí bàbá ló kó gbogbo rẹ̀ sí.

Ìbídùnní fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ó sáré lọ sílé bàbá. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní imú rẹ̀, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ tí kò kọ́ rí. Ó ń bá wọn wí, ó ń ṣírò, ó ń kọrin ọmọ kéékèèké, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń di okùn tí kò sí níbẹ̀. Akínrìnádé kúnlẹ̀ tì í, òógùn bò ó.

"Orí ẹnì kan ò lè gba orí gbogbo ìlú," ó ní. "Bó bá pẹ́ sí i, á kú."

"Pa ẹ̀rọ náà."

"Ẹ̀rọ kan náà ló ń fún ìlú ní afẹ́fẹ́, Tíṣà. Bí mo bá pa á, gbogbo wa la kú. Ẹnu tó fi iṣẹ́ fún bàbá ló lè gbà á padà. Kí kálukú wá sọ pé bàbá ò kọ́ òun."

Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn olùkọ́. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sẹ́ bàbá, ara bàbá sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tíṣà Ọdẹ́yalé, tí òun àti bàbá jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, jáde síta, ńṣe ló di ògiri mú.

"Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí," ó wí. "Ìbídùnní, kò mọ̀ mí mọ́."

Ìbídùnní yíjú sí Akínrìnádé, ìyẹn ò sì lè wo ojú rẹ̀.

"Bí ẹ̀rọ bá ti gba ẹ̀kọ́ kúrò lórí bàbá, ó ń gba ìrántí ẹni tí bàbá kọ́ pẹ̀lú," ó ní. "Mi ò mọ̀, mo fi Ọlọ́run búra. Tiyín ló sì kù, òun ló sì wúwo jù. Ẹ̀rọ ò mọ ibi tí ẹ̀kọ́ parí sí tí ọmọ títọ́ bẹ̀rẹ̀."

"Bí mo bá wá sọ òtítọ́ fún un lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Etí ẹ̀rọ wà nínú gbogbo ọ̀pá afẹ́fẹ́ ìlú yìí. Bí ẹ bá tún pè é ní ọ̀gá yín, tàbí tó bá tún kọ́ yín ní nǹkan kan, á kó gbogbo rẹ̀ padà sí i lórí."

Ìbídùnní wọlé. Bàbá ń mí gúlegúle, orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń pè báyìí, Ìbídùnní, Ìbídùnní, bó ṣe máa ń pè é láti wá jẹun nígbà tó wà ní kékeré. Ìbídùnní fẹ́ sá. Ó ronú pé bóyá kí bàbá kú pẹ̀lú orúkọ òun lẹ́nu sàn ju kó yè kó má mọ òun, ìrònú náà sì bà á lẹ́rù ju ẹ̀rọ lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Kò sí ẹni tó kọ́ mi," ó wí. "Èmi ni mo kọ́ ara mi."

Ìmọ̀ okùn padà wọ ìka rẹ̀. Bàbá dákẹ́. Ó mí kanlẹ̀, ó nu imú rẹ̀, ó sì la ojú, ojú náà mọ́ kedere. Ó rí obìnrin kan lórí ìkúnlẹ̀.

"Dìde, ìyá mi. Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ìbídùnní lorúkọ mi, sà."

"Mo ń wo ìka rẹ. Ó jọ pé o mọ okùn ẹ̀wù-èémí dì. Ta ló kọ́ ọ?"

Ìbídùnní gbójú sókè wo ọ̀pá afẹ́fẹ́ tó wà lára àjà. "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà."

Àánú rẹ̀ ṣe bàbá. Ó na ọwọ́ fa àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí rẹ̀.

"Ó mà ṣe o," ó ní. "Irú ọwọ́ báyìí. Wá jókòó síbí, màá kọ́ ọ."

Ìbídùnní dìde, kò dágbére, ó sáré jáde kí bàbá tó kọ́ ọ ní ohunkóhun.