Ta Ló Mú Ìwé Ilé Ìbítóyè?

Ìbítóyè jẹ iyán yó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún òun. Kí ìyàwó rẹ̀ tó gbé omi dé, ó ti kú sórí àga. Ọkùnrin tí orí kì í fọ́! Kò sí ẹni tó mọ ohun tó pa á, ni gbogbo àdúgbò bá ń sọ ohun tó pa á.

Kúdírát, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìséyìn ni. Èlùbọ́ ló ń tà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tí Adésọjí, àbúrò ọkọ rẹ̀, fi dé.

“Ìyàwó, ìwé ilé yìí dà?”

“Bọ̀dá mi, ọkọ mi ló mọ ibi tó fi í sí. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé òun ti fi ilé yìí fún mi.”

“Ẹnu lásán kọ́ la fi ń gba ilé láyé ìsìnyí. Gbé ìwé wá kó tó di Sátidé. Bí kò bá sí ìwé, ilé ẹbí ni, a ó sì tà á.”

Kúdírát tú àpótí, ó gbọn ìrọ̀rí, ó ká tìmùtìmù. Pàbó! Inú ìwé kékeré tí ọkọ rẹ̀ máa ń kọ nǹkan sí ló ti rí gbólóhùn kan ṣoṣo, láìsí àmì ohùn: Uwe ule wa lowo eye. Ìbítóyè kì í sọ èdè Èkìtì sí ìyàwó rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló fi ń kọ̀wé fún ara rẹ̀. Kúdírát mọ̀ pé ìwé ni uwe, ilé sì ni ule. Èyí tó kù kò ṣòro fún un rárá. Ìwé ilé wà lọ́wọ́ ẹyẹ! Ẹyẹ wo ló ń gba ìwé bí kò ṣe ẹyẹ àjẹ́?

Ó sáré tọ wòlíì lọ. Wòlíì dijú.

“Mo rí obìnrin àgbà kan. Ó di ìwé náà mọ́ àyà. Kò jìnnà sí yín.”

Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní Ìyìn? Lọ́jọ́ kejì gan-an, ìyá náà dé, ó di nǹkan mọ́ inú ìró. Ẹyẹ dúdú kan sì bà sórí òrùlé. Kòkòrò ni ẹyẹ ń wá ní tirẹ̀ o, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

“Ìyàwó mi, ṣé Sọjí wà nílé? Ìwọ nìkan ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.”

“Èmi nìkan kẹ̀? Ẹ pa ọmọ yín, ó wá ku èmi? Ẹ lé ẹyẹ yín kúrò lórí òrùlé mi!”

Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú; ìyá tún ìró rẹ̀ dì, ó lọ. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, Kúdírát da iyọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Nígbà yẹn, gbogbo Ọjà Ọba ti gbọ́ pé ó jẹ ọmọ rẹ̀. Nídìí igbá èlùbọ́ Kúdírát ni ọ̀rọ̀ náà ti gbéra.

Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo nǹkan ti sú Kúdírát. Lọ́yà méjì ti lé e pé kó lọ mú ìwé wá ná. Bí ó bá níwèé, kí ló fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ wọn? Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta ní àdúgbò Adébáyọ̀, lọ́yà kò sí níjòókòó. Tolúlọpẹ́, akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Adó, ló gba ìwé kékeré náà, ó sì kà á sókè.

“Ùwé ulé wà lọ́wọ́ èyé.”

“Lọ́wọ́ kí ni?”

“Èyé. Bí a ṣe ń pe ìyá nìyẹn, mà. Ṣé ẹ ò tíì bi màmá wọn ni?”

Ọdún mẹ́fà ni Kúdírát ti wà l'Ádó. “Màmá” ni gbogbo wọn máa ń pe ìyá náà létí rẹ̀. Kò mọ bí òun ṣe dé Ìyìn.

Ìyá kò bá a jà. Ó tú ìró, ó fa ìwé yọ. Ìbítóyè fọwọ́ sí i pé òun fi ilé ta Kúdírát lọ́rẹ. Ìtẹ̀ka ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ẹlẹ́rìí, wà nísàlẹ̀.

“Ó ní ìwọ nìkan ni kí n fún, kí Sọjí má rí i.”

Kúdírát kúnlẹ̀, ó ń sunkún. “Màmá, ẹ dárí jì mí.”

“Dìde. Kò sẹ́ni tó lè lé ọ jáde mọ́.” Ìyá fi etí ìró nu ojú. “Àmọ́ mo sin ọmọ, ẹnikẹ́ni ò kí mi. Àjẹ́ ni wọ́n ń pè mí l'Ọ́jà Ọba. Ùwé wo la ó kọ, ọma mi, tí á pa wọ́n lẹ́nu mọ́?”