Ojú Mẹ́sàn-án Lára Fèrèsé Lorna

Ajá ilé Tripp ló kọ́kọ́ kú. Ó gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ nílẹ̀ ilé ìdáná, ó parí. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, inú ń run Tess, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ kan ṣoṣo tí Wade Tripp apẹja bí. Kò lè jẹun mọ́, ó kàn ń gbẹ lójú wa.

Gull Neck, ìlú wa, kì í pẹ́ wá ẹni tó jẹ̀bi. Lorna Sisson la mú, opó tó ń fi òjé so gíláàsì aláwọ̀ pọ̀ ṣe fèrèsé lódìkejì ọ̀nà. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ò gbéṣẹ́ fún un mọ́, ló bá ń ṣe àwọn abàmì inú ìwé ìtàn adẹ́rùbani. Èyí tó wà lójú fèrèsé tiẹ̀ ní ojú mẹ́sàn-án, ó ń ti inú òkun yọ. Tó bá tanná nírọ̀lẹ́, àwọ̀ ewé rẹ̀ á bo ògiri ilé Tripp. Ẹyẹ òkun bà sórí òrùlé ẹ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́ àjẹ́ ló wá ṣèpàdé. Bíi pé ẹyẹ òkun kì í bà sórí òrùlé tiwa! Inú ṣì ń bí mi.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, Wade dúró níwájú ilé Lorna, àwa wà lẹ́yìn. Colleen ìyàwó ẹ̀ gbé Tess dání.

"Lorna! Jáde, ìyá àjẹ́! Tú ọmọ mi sílẹ̀!"

Lorna yọjú. "Ṣé orí ẹ dàrú ni? Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sípítù!"

"Àjẹ́ ké lánàá, ajá kú lónìí!" ni obìnrin kan pariwo lẹ́yìn mi. "Kí la tún ń wá?"

Wade ki ọwọ́ bàpò, ó ju nǹkan lu fèrèsé náà. Gbàà! Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ fọ́ yángá.

Mo rò pé Lorna máa sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ohun tí Wade jù: òjé róbótó, irú tí apẹja ń so mọ́ ìwọ̀ kó lè rì. Ó ṣì ń dán.

"Níbo lo ti yọ́ òjé yìí?"

"Kí ló kàn ọ́?"

"Mo ní níbo!"

"Ilé ìdáná wa. Àgékù tó ò ń kó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni mò ń mú."

"Ò ń jí i. Ìkòkò wo lo fi ń yọ́ ọ?"

Wade wo ìyàwó ẹ̀. Colleen ló dáhùn. "Ìkòkò ọbẹ̀ ìṣáwùrú ni. Mo sì máa ń fọ̀ ọ́."

"Májèlé ni òjé, ìwọ dìndìnrìn yìí! Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọwọ́ kàn án, mi ò jẹun ní ṣọ́ọ̀bù rí, ọdọọdún ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ẹ gbọ́mọ sínú ọkọ̀ mi, kíá!"

Òun fúnra ẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé wọ́n lọ sọ́sípítù. Òjé kún inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́sípítù, àmọ́ kò kú.

Nínú gbogbo àwa tá a dúró lẹ́yìn Wade, kò sẹ́ni tó lọ bẹ Lorna. Èmi náà ò lọ, ìtìjú ò jẹ́ n lọ. Wade nìkan ló lọ, lọ́jọ́ tí Tess padà sílé. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ṣa gíláàsì fífọ́ tó ṣì wà nílẹ̀ níwájú ilé.

"Mìsíìsì Sisson, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Lorna ò wojú ẹ̀. Ojú kẹwàá fún abàmì tuntun ló ń gé.

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Òjé wà lára ẹ̀. Lọ fọwọ́ ẹ kó o tó gbé ọmọ."